Fèrè Tí Àjíṣafẹ́ Fọn

Máàsì àárọ̀ ni Àjíṣafẹ́ ti ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró alùpùpù mobiléètì kan lẹ́nu ọ̀nà, tó ń hú bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú. Kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, Mùsíọ̀ Kpádónù ti wọlé. Ọmọ Ègùn ni Kpádónù, òun sì ni akọ̀wé àwọn tó ń darí ìdíje bọ́ọ̀lù ní Kútọnu. Ó sanra, ó sì máa ń làágùn kódà nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó.

"Mùsíọ̀ Àjíṣafẹ́, ẹ̀yin lẹ máa fọn fèrè lónìí."

Àjíṣafẹ́ wò ó. Ó rò pé ọkùnrin náà ń ṣeré ni.

Kì í ṣe eré. Onífèrè tó yẹ kó ti Àjàṣẹ́ wá ti dùbúlẹ̀ àìsàn ibà láti àná, kò lè gbórí sókè. Ẹnì kejì tí wọn ìbá tún pè ti bá iṣẹ́ ìjọba lọ sí Parakou. Ó ku Àjíṣafẹ́ nìkan. Bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù ọ̀sán ọjọ́ yẹn kì í ṣe èyí tí èèyàn lè fojú kékeré wò, nítorí òun ló kẹ́yìn ọdún. Ẹgbẹ́ Èbúté, tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté tuntun tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ dá sílẹ̀, gbọ́dọ̀ borí kí wọ́n tó lè gba ife. Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ Dàhòmì, àti àwọn Yorùbá oníṣòwò tó wà ní Akpakpa, ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọ́n yè. Bí wọ́n bá pàdánù, wọ́n ti bọ́ sí ìpele kejì nìyẹn, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé Búrẹ́mọ̀, alága wọn, kò ní náwó lé ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele kejì. Á tú u ká ni.

"Ẹ mọ̀ pé àbúrò ìyàwó mi ni aṣọ́lé Ìrẹ̀pọ̀," Àjíṣafẹ́ sọ.

"Gbogbo Kútọnu ló mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká sún un síwájú nígbà náà."

Kpádónù fi áńkáṣífù nu ọrùn. "Ibo la fẹ́ sún un sí? Òní ni ìdíje ọdún yìí máa parí, àwọn aláṣẹ ti kéde ẹ̀. Bí wọn ò bá gbá a lónìí, bí oníkálukú ṣe wà ló máa wà. Ìrẹ̀pọ̀ ti lọ nìyẹn. Mo ti bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Búrẹ́mọ̀ ní kò sẹ́ni tó tún wu òun jù yín lọ. Àwọn ará Èbúté náà ní kò burú."

"Àwọn ará Èbúté ní kò burú?"

"Wọ́n ní àwọn mọ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí kò fi Àjíṣafẹ́ lọ́kàn balẹ̀ rárá. Ó fẹ́ béèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa òun, ṣùgbọ́n Kpádónù ti ń jáde lọ. Nígbà tí mobiléètì náà fi máa dákẹ́ ní ìkángun àdúgbò, Sìdíkàt, ìyàwó rẹ̀, ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ìgbakọ lọ́wọ́, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá Fídẹ̀lì, ẹ sọ pé ara yín kò yá."

"Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, Ìrẹ̀pọ̀ ti lọ. Èmi ni mo lé wọn lọ."

"Bí ẹ bá wá lọ ńkọ́?"

Àjíṣafẹ́ jókòó sórí àga tí Kpádónù kọ̀. "Bí wọ́n bá borí, wọ́n á ní mo gbé e fún àna mi. Bí wọ́n bá pàdánù, àwọn èèyàn yín á ní mo tà wọ́n."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Ohun tí mo bá rí ni màá fọn."

Sìdíkàt bu akásà àti ẹja díndín síwájú rẹ̀. Àjíṣafẹ́ jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì sún àwo náà sẹ́yìn.

Ẹni tí kò bá mọ bí Àjíṣafẹ́ ṣe fẹ́ Sìdíkàt kò lè mọ ohun tí Múrítàlá, aṣọ́lé Ìrẹ̀pọ̀, jẹ́ fún un. Ọmọ Pobè ni Àjíṣafẹ́, ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n sì bí i sí. Ilé pọ́ọ̀sì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń ta sítáǹbù. Bàbá Sìdíkàt jẹ́ mùsùlùmí tó ti Ìlọrin wá ta aṣọ ní Kútọnu láti ayé àwọn Faransé. Nígbà tí Àjíṣafẹ́ wá tọrọ ọmọ, baba náà ní òun kò bí ọmọ kankan fún onígbàgbọ́, kò tilẹ̀ ní kó jókòó. Gbogbo ilé dákẹ́ bí ẹni pé òkú wà ńlẹ̀. Múrítàlá, àbíkẹ́yìn wọn, tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ nígbà náà, ló dìde láàárín agboolé, tó ní bí kò bá sẹ́ni tó máa sin ẹ̀gbọ́n òun lọ sílé ọkọ, òun á sìn ín. Ó sì sìn ín lọ. Nínú ẹbí ìyàwó, òun nìkan ló wà ní ọ́fíìsì ìlú lọ́jọ́ tí wọ́n so wọ́n pọ̀. Torí ìyẹn, baba rẹ̀ lé e síta fún ọ̀pọ̀ oṣù. Pálọ̀ Àjíṣafẹ́ ló ń sùn, lórí ẹní, àtàárọ̀ dalẹ́ ló sì ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri tó ń hán an, títí ògiri náà fi ṣí lára. Ìgbà tí Sìdíkàt bí Fídẹ̀lì ni ọkàn baba náà tó rọ̀, tó gba ọmọ rẹ̀ àti àna rẹ̀ padà.

Múrítàlá ti di ọkùnrin báyìí, ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò bí abẹ́bẹ̀. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí afárá. Búrẹ́mọ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Torí pé ó ń ṣọ́lé fún Ìrẹ̀pọ̀ ni wọ́n ṣe fi í fún un.

Òjò ti rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ó tún ń ṣú bọ̀ láti ojú òkun nígbà tí Àjíṣafẹ́ dé pápá. Èrò ti kún. Àwọn ará Èbúté jókòó lápá kan, wọ́n ń kọrin ní èdè Fọ̀n. Àwọn Nàgó àti Yorùbá wà lápá kejì, àwọn obìnrin oníṣòwò pọ̀ láàárín wọn, tí wọ́n ti ṣí agboòrùn sílẹ̀ de òjò. Bí Àjíṣafẹ́ ṣe jáde nínú ṣòkòtò péńpé dúdú àti ẹ̀wù dúdú rẹ̀, Búrẹ́mọ̀ dìde nínú agbádá funfun, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Àna wa dé o! Ọmọ wa ni yóò fọn fèrè lónìí!"

Gbogbo ojú yí sí Àjíṣafẹ́. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun tẹrí ba kí òun sì kí àgbàlagbà náà dáadáa ní èdè wọn. Èdè Faransé ló jáde lẹ́nu rẹ̀, bí àlejò ṣe ń kí alága.

"Bọ́njúù, Mùsíọ̀ Peresidáǹ."

Àwọn ará Èbúté rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Búrẹ́mọ̀ dúró lófìfo díẹ̀, ó wá kó o padà sínú agbádá, ó jókòó.

Múrítàlá ló wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárín pápá kó tó lọ sẹ́nu góòlù. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí aṣọ́lé ṣe ń bọ onífèrè lọ́wọ́, kò pẹ́ jù, kò yá jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe iṣẹ́ yín," ó wí. "Ẹ má wo tèmi."

Ìyẹn ló yẹ kó mú ọkàn Àjíṣafẹ́ fúyẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni nǹkan kò ti lọ déédéé. Bí ọmọ Ìrẹ̀pọ̀ bá fara kan ọmọ Èbúté báyìí, fèrè ti dún. Bí ọmọ Èbúté bá ta ọmọ Ìrẹ̀pọ̀ lẹ́sẹ̀, fèrè á kọ́kọ́ rò ó. Kì í ṣe pé Àjíṣafẹ́ ti pinnu rẹ̀. Àyà rẹ̀ ló ń já nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ fọn fún Ìrẹ̀pọ̀, bíi pé gbogbo apá ibi tí àwọn ará Èbúté wà fẹ́ dìde kí wọ́n sọ pé, ẹ ò rí i, a wí bẹ́ẹ̀. Ó ń rí ohun tó ń ṣe, kò sì lè dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mùílíù, ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń gbá iwájú fún Ìrẹ̀pọ̀, dìde nínú ẹrẹ̀ ní ìgbà kẹta tí wọ́n gbé e ṣubú láìsí fèrè, ó nu ẹnu, ó ní:

"Mùsíọ̀, ṣé àwa nìkan la wà lórí pápá ni?"

Àjíṣafẹ́ kìlọ̀ fún un pé bó bá tún sọ̀rọ̀, òun á lé e jáde.

Síbẹ̀, Mùílíù kan náà ló jẹ góòlù àkọ́kọ́. Ó gba bọ́ọ̀lù láàárín àwọn méjì, ó yí po, ó sì rọra fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Kò sí ẹni tó lè tako èyí. Àwọn obìnrin jó lábẹ́ agboòrùn. Àjíṣafẹ́ nawọ́ sí àárín pápá, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bó bá parí báyìí, ó dára.

Lẹ́yìn ìsinmi, òjò dé ní tòótọ́. Omi dúró lórí pápá, bọ́ọ̀lù kò yí mọ́, àfi kó máa dúró nínú ẹrẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Àwọn ará Èbúté, tí wọ́n jẹ́ ẹni gíga tó ń ru ẹrù wúwo lójoojúmọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ọmọ Ìrẹ̀pọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Múrítàlá dúró bí ògiri. Ó mú ọ̀kan lókè, ó fi ẹsẹ̀ gbá ọ̀kan padà, ó já ọ̀kan gbà lẹ́nu ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ ta á wọlé, bàtà onítọ̀hún sì bẹ̀ ẹ́ létí. Kò kígbe. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ba ọmọ Ìrẹ̀pọ̀ kan lára, ó yí ọ̀nà padà, ó wọlé. Ó di ọ̀kan sí ọ̀kan.

Ọ̀mì náà ṣì tó Ìrẹ̀pọ̀. Wọ́n kó gbogbo ara wọn sí ẹ̀yìn. Àjíṣafẹ́ ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń nu omi kúrò lójú gíláàsì rẹ̀, ó tún ń wò ó. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bọ́ọ̀lù igun kan ṣoṣo ló kù tí àwọn ará Èbúté fẹ́ gbá.

Bọ́ọ̀lù náà ti igun wá, ó ga. Ọkùnrin gíga kan fi orí kàn án sílẹ̀. Ó ta lórí ẹrẹ̀, Múrítàlá sì ju ara rẹ̀ lé e. Nígbà tí omi tó ta sókè fi máa bọ́ sílẹ̀ tán, aṣọ́lé náà ti gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, ó nà gbalaja lẹ́nu góòlù, apá kan ara rẹ̀ wà lẹ́yìn òpó, ìyókù wà níwájú. Ibo ni ìlà gbà? Kò sí ìlà níbẹ̀ mọ́. Òjò ti wẹ ẹfun rẹ̀ lọ.

Àwọn ará Èbúté gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní ó ti wọlé. Àwọn ọmọ Ìrẹ̀pọ̀ ní kò wọlé.

Ohun tí Àjíṣafẹ́ rí nìyí: ẹsẹ̀ ti yọ̀ ọ́ bó ṣe ń sáré bọ̀, orúnkún rẹ̀ kan ṣì wà nínú ẹrẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ta, kò sì rí ju ẹ̀yìn àwọn èèyàn àti omi lọ. Ó wo ẹni tó mú àsíá létí pápá, tíṣà kan láti Godomey. Tíṣà náà ń wo òun náà, àsíá rẹ̀ sì sọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan; kò gbé e sókè, kò jù ú, ó ń dúró kí ẹlòmíràn sọ. Ó wá wo Múrítàlá. Múrítàlá ti gbé ojú sókè nínú ẹrẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ létí rẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń wò ó, bí èèyàn ṣe ń wo ará ilé rẹ̀.

Ojú yẹn ló ṣe é. Bí Àjíṣafẹ́ ṣe rí i, gbogbo ohun tí Kútọnu máa sọ dún sí i létí lẹ́ẹ̀kan náà: àna rẹ̀ ni, àna rẹ̀ ni, ó gbé e fún àna rẹ̀. Ó mọ̀ pé bó bá jẹ́ aṣọ́lé mìíràn ló sùn síbẹ̀, òun á ní òun kò rí i, kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù lọ. Ó mọ ìyẹn dájú. Fèrè ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fọn ọ́n, ó sì nawọ́ sí àárín pápá.

Góòlù.

Apá kan pápá bú sígbe ayọ̀, apá kejì ò tíì gbà á gbọ́. Àwọn ọmọ Ìrẹ̀pọ̀ yí i ká, wọ́n ń dì í láṣọ mú, Mùílíù ń sunkún bí ọmọdé. Múrítàlá nìkan kò wá. Ó dìde, ó gbé bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí ẹrẹ̀, ó sì jókòó ti òpó. Bí wọ́n ṣe tún bọ́ọ̀lù gbá báyìí, àkókò pé. Àwọn ọlọ́pàá ló sin Àjíṣafẹ́ jáde. Nígbà tó kọjá níwájú Búrẹ́mọ̀, àgbàlagbà náà kò bú u. Ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní èdè wọn:

"Ìwọ náà nìyí. Èdè òyìnbó tí o fi kí mi ti jẹ́ kí n mọ̀."

Lẹ́nu ọ̀nà, alága Èbúté dì mọ́ ọn, ó sì gbá a lẹ́yìn. Ó ní, "Mo sọ fún wọn láàárọ̀. Mo ní ẹ fún un, torí àna rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù ẹnu èèyàn kì í gbè fún àna." Ó sọ ọ́ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, bí ẹni tó ń yìn ín. Àjíṣafẹ́ yọ ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó forí lé ilé.

Sìdíkàt ti gbọ́ kó tó délé. Ó gba aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sómi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bi í.

"Ṣé ẹ rí i?"

"Mo fọn fèrè," Àjíṣafẹ́ wí.

Sìdíkàt padà sídìí aṣọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará Èbúté gbé páálí bíà kan wá sílé rẹ̀, wọ́n ní kó bá àwọn yọ̀. Ó ní rárá, ó ní kí wọ́n gbé e padà, wọ́n sì gbé e padà nígbà tí òjò ń rọ̀ tí gbogbo èèyàn ti sá wọlé. Àwọn ará àdúgbò rí i nígbà tó ń wọlé. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń jáde. Ọ̀rọ̀ bíà yẹn dé Agblangandan, ó dé Ekpè, nígbà tó fi máa padà dé Akpakpa, ó ti di owó.

Àwọn Yorùbá tó máa ń wá fi ìwé ránṣẹ́ sílé ní ilé pọ́ọ̀sì kò wá síwájú rẹ̀ mọ́. Wọ́n á tò gùn síwájú ẹnì kejì rẹ̀, òun á sì jókòó síbẹ̀, kò sí ẹnì kan níwájú rẹ̀, sítáǹbù á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ẹnu láti pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ máa bọ̀ níbí." Ìyá àgbà kan wò ó, ó ní òun kò kánjú.

Nígbà tí wọ́n ń kó ọmọ kan jáde ní ẹbí Sìdíkàt ní Agblangandan, Sìdíkàt fúnra rẹ̀ lọ láti àárọ̀ bí ó ti yẹ. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Kò kàn sẹ́ni tó ní kó bá àwọn gé àlùbọ́sà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń wo àwọn obìnrin tí wọ́n jọ dàgbà, ọwọ́ gbogbo wọn dí, tirẹ̀ kò dí. Bàbá rẹ̀ pè é wọnú yàrá, kò gbóhùn sókè. Ó ní, "Mo sọ fún ẹ nígbà náà." Ìyẹn nìkan ni. Sìdíkàt padà wálé ní ọ̀sán gangan, ó bọ́ aṣọ tó wọ̀, ó ká a sínú àpótí.

Àjíṣafẹ́ lọ bá Kpádónù, ó ní kí wọ́n máa fún òun ní bọ́ọ̀lù ìlú mìíràn láti fọn fún, Àjàṣẹ́ tàbí Ouidah, níbi tí wọn ò ti mọ òun. Kpádónù ní àwọn ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kó sinmi ná lọ́dún tó ń bọ̀, kí ara lè tutù.

"Ṣé mo ṣe nǹkan tó lòdì sófin ni?"

"Rárá," Kpádónù dáhùn. "Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀." Ó ń wo ojú ọ̀nà nígbà tó ń sọ ọ́.

Búrẹ́mọ̀ tú Ìrẹ̀pọ̀ ká bí wọ́n ti rò. Ó kó àwọn ẹ̀wù aláwọ̀ ewé wọn fún àwọn alágbàṣe tó ń já ẹrù rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí Àjíṣafẹ́ ń gba ẹ̀bá èbúté lọ, ó rí àwọn tó ń ru símẹ́ńtì nínú àwọn ẹ̀wù náà, nọ́ńbà ṣì wà lẹ́yìn wọn, eruku funfun ti bo àwọ̀ ewé. Ó yà gba ọ̀nà mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Búrẹ́mọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ Múrítàlá. Kò fi ìbínú gbà á. Ó ní ọmọ òun kan fẹ́ lò ó. Múrítàlá wá iṣẹ́ títí, kò rí. Wọ́n wá sọ fún un pé àwọn ará Dàhòmì ń ríṣẹ́ ní Niamey, pé àwọn tó mọ ẹ̀rọ kì í jókòó lásán níbẹ̀. Ó dágbére fún Sìdíkàt nílé bàbá wọn. Kò wá sílé Àjíṣafẹ́.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, Àjíṣafẹ́ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Parakou, níbi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò lọ sí Niamey, ti ń tú èéfín, àwọn èèyàn ń ti ẹrù gba ojú fèrèsé wọlé. Ó rí Múrítàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, àpò kan ní èjìká rẹ̀, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n," Múrítàlá wí. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ìyẹn gan-an ló dun Àjíṣafẹ́ jù.

Wọ́n jọ dúró. Àjíṣafẹ́ béèrè bóyá ó ti rí ibi tó máa dé sí. Ó ní ọmọ Ṣábẹ̀ kan máa pàdé òun. Ó béèrè bóyá ó gbé aṣọ òtútù. Ó ní òun gbé e. Ọ̀rọ̀ tán. Ìgbà tí wọ́n fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kínní ni Àjíṣafẹ́ tó lè sọ ohun tó gbé e wá.

"Múrí, bọ́ọ̀lù yẹn. Ìwọ nìkan lo mọ̀. Ṣé ó wọlé àbí kò wọlé?"

Múrítàlá tẹjú mọ́ ọn. Kò jọ pé inú bí i. Ó jọ ẹni tó ti rò ó títí tó ti sú u.

"Bí mo bá ní ó wọlé, ẹ máa sùn. Bí mo bá ní kò wọlé, ẹ máa bẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ bẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n."

"Kí n ṣáà mọ̀."

"Kì í ṣe bọ́ọ̀lù yẹn ló dùn mí. Onífèrè lè ṣe àṣìṣe, èmi náà ń ṣe é. Ó dùn mí pé ẹ wo ojú mi kí ẹ tó fọn ọ́n. Gbogbo àwọn yòókù ń wo bọ́ọ̀lù. Ojú tèmi lẹ̀yin ń wò."

Òótọ́ ni. Àjíṣafẹ́ kò mọ̀ pé ẹlòmíràn rí i.

Múrítàlá gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó gun ọkọ̀. Ó jókòó sí apá kejì, níbi tí fèrèsé kò kọjú sí Àjíṣafẹ́. Àjíṣafẹ́ dúró títí ọkọ̀ náà fi lọ, ó tún dúró lẹ́yìn tó ti lọ, títí ẹni tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ fi ní kó jọ̀wọ́ yẹra díẹ̀.

Sìdíkàt ń fọ ìkòkò ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tó délé.

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

"Kí ló sọ?"

Gbogbo ohun tí Múrítàlá sọ wà lẹ́nu Àjíṣafẹ́, ó wúwo bí òkúta. Ó wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ tó tẹ̀ lórí ìkòkò náà.

"Ó ní kí n kí ẹ," ó wí.

Sìdíkàt dáwọ́ dúró. Ó yíjú sí i, ó wò ó pẹ́, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń wo àlejò tí kò tíì sọ orúkọ rẹ̀.

"Àná ló ti kí mi," ó sọ. "Ẹ̀yin náà ti wá ń purọ́ báyìí, Bàbá Fídẹ̀lì."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó da omi ìkòkò náà sílẹ̀, ó gbé e sínú oòrùn kó gbẹ, ó sì wọlé lọ. Àjíṣafẹ́ dúró síbẹ̀, ó ń wo bí omi náà ṣe ń wọ inú iyanrìn.